Amọ̀kòkò kì í ṣe onímọ̀ nípa ìkòkò

Ètò kan wà lórí rédíò tí mo fẹ́ràn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará òkèèrè ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀, Yorùbá tí wọ́n sì ń sọ kì í ṣe àmúlùmálà. Láìpẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ wọn kan Tokoname, ìlú kan lágbègbè Aichi ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ mọ ohun tí wọ́n ń gbin igi bonsai sí, ìyẹn igi tí wọ́n ń gé kó má baà tóbi. Olóòtú ń bá a bọ̀, ohùn rẹ̀ ń dùn, àfi bó ṣe ní, "Àwọn onímọ̀ nípa ìkòkò wọ̀nyí ló ń ṣẹ̀dá àwọn ìkòkò bonsai náà." Gbólóhùn kan péré, ibi mẹ́ta ló ti gún mi létí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú "ṣẹ̀dá" kúrò lọ́nà, torí tirẹ̀ kò ní pẹ́. Láyé òde òní, kò sí ohun tí ẹnu wa kì í ṣẹ̀dá mọ́. Olórin ń ṣẹ̀dá orin, aránṣọ ń ṣẹ̀dá sítáì, olóṣèlú ń ṣẹ̀dá iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ (iṣẹ́ tí ojú ọ̀dọ́ kankan kò rí). Bẹ́ẹ̀, ohun tí a bá ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹ̀dá ni, ẹ̀dá sì ní Ẹlẹ́dàá. Ìkòkò kò ní Ẹlẹ́dàá. Ìyá tó mọ ọ́n ló ni ín, títí a ó fi náwó rà á. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé àwọn olùkọ́ èdè ńkọ́, àwọn tó fi "ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ orúkọ" sínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, kò sì sẹ́ni tó lè tì í mọ́. Kí olórin máa ṣẹ̀dá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n amọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kú.

"Mọ" ni. Sílébù kan ṣoṣo, ohùn àárín.

Àwọn iṣẹ́ ọwọ́ wa kì í yá ara wọn ní ọ̀rọ̀. Alágbẹ̀dẹ ń rọ, ahunṣọ ń hun, agbẹ́gilére ń gbẹ́. Láàárín gbígbẹ́ àti mímọ ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù lójú tèmi: ẹni tó ń gbẹ́ ń yọ kúrò, ẹni tó ń mọ ń fi kún. Àwọn orí alámọ̀ tí wọ́n hú ní Ilé-Ifẹ̀, mímọ ni wọ́n mọ wọ́n. Ẹni tó bá ní wọ́n gbẹ́ wọn kò tíì fojú kan ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ wo àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ní Ẹbu Dàda ní Ìlọrin. (Ẹbu, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò tí wọ́n sì ti ń sun ún ni. Olóòtú wa pe irú ibẹ̀ ní "ilé iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ìkòkò", bíi pé ọ̀rọ̀ ti tán nílé.) Ọ̀kan nínú wọn á dojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, á na amọ̀ tí wọ́n ti gún kúnná lé e nídìí, á sì máa fọwọ́ gbá a títí yóò fi bò ó dé ìbàdí. Bó bá gan díẹ̀, á bọ́ ọ kúrò lára èyí tó fi ṣe àwòṣe, á gbé e jókòó, á wá máa fi amọ̀ gbọọrọ kún un lókè, ìpele lórí ìpele, á sì máa fi àkísà tútù dán ètè rẹ̀. Kò sí kẹ̀kẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀. Láìsí kẹ̀kẹ́ bákan náà ni Ladi Kwali ṣe kọ́ ọ nílé, ọmọ Gbàgyì tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náírà 20: òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn yí ìkòkò po bó ti ń mọ ọ́n. Ó ti jáfáfá nínú rẹ̀ kó tó dé ibùdó ìkọ́ṣẹ́ tí Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò kan, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja lónìí. Ọdún 1954 ló dé ibẹ̀.

Fífi tútù kún èyí tó ti gan, kí a sì dúró dè é, ìdí abájọ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan náà fi ń ṣiṣẹ́ fún ìkòkò àti fún ògiri. Ilé alámọ̀, ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó gba èkejì lórí. À ń mọ ògiri, à ń mọ odi ìlú, à ń mọ ilé. Ikán pàápàá ń mọ òkìtì. Ẹni tó fi í ṣe iṣẹ́ ṣe ni mọlémọlé. Ta ló rántí mọlémọlé? Bíríkìlà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, "kọ́lé" sì ti lé "mọlé" jáde. N kò bínú sí ìyẹn. Tító ni wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù, wọn kì í mọ ọ́n. Ẹni tó bá ní òun ń mọ ilé alájà mẹ́ta lónìí, àfi ká bi í bóyá òjò kì í rọ̀ ládùúgbò rẹ̀.

Ibi tí "mọ" ti ga jù lọ ni ọ̀dọ̀ Àjàlá. Nínú ìtàn Ifá, Ọbàtálá ló mọ ara, Àjàlá alámọ̀ ló mọ orí tí oníkálukú ń yàn kó tó sọ̀ kalẹ̀ sílé ayé. Àjàlá yìí, onígbèsè paraku ni. Bí àwọn tó jẹ lówó bá dé, àjà ló ń sá sí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dọ́gba: orí kan jiná, òmíràn ti sán, òmíràn kò jiná tó, bí òjò bá sì pa á lójú ọ̀nà ayé, á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ dànù. Ẹni tó bá ti sun ìkòkò rí mọ̀ pé kò sí àsọdùn níbẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn yẹn, ẹnikẹ́ni kò sọ pé Àjàlá ṣẹ̀dá orí. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ń gbówó ọjà, ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ nígbà mìíràn. Ẹni tó ń ṣẹ̀dá kì í jẹ gbèsè.

Àwọn oníwàásù kan tún ti wá so "ọmọ" mọ́ "mọ" yìí. Wọ́n ní ọmọ ni ohun tí Ọlọ́run mọ, òun ló fi ń jẹ́ ọmọ. Ó dùn létí, àmọ́ ọ̀nà tí èdè wa ń gbà kì í ṣe ibẹ̀. Ẹni tó bá ń dẹ ìgbẹ́ là ń pè ní ọdẹ, kì í ṣe ẹran tó dẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ara "mọ" ni "ọmọ" ti wá, ẹni tó ń mọ nǹkan ni ì bá máa jẹ́ ọmọ, kì í ṣe ẹni tí a mọ.

Àwọn oníwàásù yìí kan náà ni mo fura sí pé wọ́n kọ́ olóòtú wa ní "onímọ̀ nípa ìkòkò". Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lò wà nílẹ̀, amọ̀kòkò. Kò sí ẹni tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí tí kò gbọ́ ọ, nítorí ó wà nínú ìwé Jeremáyà orí 18. Ṣùgbọ́n orí àga ìwàásù ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan pé amọ̀kòkò ni ẹni tó mọ̀ nípa ìkòkò, tó mọ ìdí rẹ̀, tó mọ ọrùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ṣe mọ̀ wá látòkè délẹ̀. Ìjọ hó. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Ìwàásù rẹ̀ gún régé. Ohùn orí ọ̀rọ̀ ló tàn án jẹ.

Ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ lórí "mọ̀" nínú amọ̀kòkò, kì í ṣe tirẹ̀. Ìkòkò ló ni ín. Bí "mọ" bá pàdé "ìkòkò", fáwẹ̀lì "ì" á di pípajẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ní bá a kú; á fò mọ́ "mọ" lórí. Ẹ wo "ta" àti "ìwé". Ohùn àárín ni "ta", síbẹ̀ tàwétàwé là ń pe ẹni tó ń ta ìwé. Àwọn mìíràn tún rò pé amọ̀ tí à ń fọwọ́ pò ló so mọ́ ìkòkò nínú ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ amọ̀ ni, ìkòkò kan ni ì bá jẹ́, kò ní jẹ́ èèyàn. Kẹ̀kẹ́ tó wà nínú orí Bíbélì kan náà tún dá kún ìdàrúdàpọ̀ ọ̀hún. Àwọn ìyá wa kì í fi kẹ̀kẹ́ mọ ìkòkò, nítorí náà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi a máa rò pé kẹ̀kẹ́ ni amọ̀kòkò gùn lọ síbi iṣẹ́.

Ó ku "ìkòkò bonsai". Ìkòkò ní ikùn, ó sì ní ọrùn. Ohun tí wọ́n ń mọ ní Tokoname kò ní méjèèjì. Pẹrẹsẹ ni, ó ní ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́rin tó gbé ìdí rẹ̀ sókè kí omi àti afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde, bí jíjìn inú rẹ̀ bá sì fi púpọ̀ ju sísanra ìdí igi lọ, àwọn tó mọ iṣẹ́ á ní kò bójú mu. Àwo ni, ẹ̀yin èèyàn mi. "Bon" tó ṣíwájú nínú bonsai, àwo náà ló ń jẹ́. Látọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti gbà á, àwọn tó ń pe tiwọn ní penjing, tí wọ́n sì ń mọ àwo rẹ̀ ní Yixing títí dòní. Ẹni tó bá wí pé "ìkòkò bonsai" ti pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ṣì í pè lẹ́ẹ̀kan.

Mímọ rẹ̀ pàápàá yàtọ̀ sí ti Ìlọrin. Èyí tó bá ní igun mẹ́rin, wọ́n á tẹ́ amọ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á gé e, wọ́n á fi nǹkan ṣóńṣó ha etí rẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ ṣíṣàn sí ojú ibi tí wọ́n ha, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Bó bá yára gbẹ jù, igun rẹ̀ á ká sókè. Amọ̀ náà a máa sún kì láti ìgbà tó bá wà ní tútù títí yóò fi ti inú iná jáde, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá gé e ní ìwọ̀n tó fẹ́ kó jẹ́, àwo kékeré ni yóò bá nínú ààrò. Iná rẹ̀ ju 1,100 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Iná koríko àti igi tí wọ́n fi ń sun ìkòkò ní gbangba nílé wa kì í sábà dé 1,000, ìyẹn ni ìkòkò wa fi ń mumi, ìyẹn náà ni omi inú àmù fi ń tutù: ara rẹ̀ ń làágùn, afẹ́fẹ́ sì ń gbá òógùn náà lọ. Gbé àmù yẹn lọ sí ibi tí yìnyín ti ń bọ́, omi tó wọ̀ ọ́ lára á dì, á wú, á sì là á.

Lára àwọn ìbátan àwo bonsai lọ́dọ̀ wa, ajere ló sún mọ́ ọn jù. Ajere ni ihò wà fún, tí a fi ń yan ẹja àti ẹran lókè iná. Àwo bonsai náà ní ihò nídìí, méjì ńlá fún omi, àwọn wẹẹrẹ fún wáyà tí wọ́n fi ń so igi mọ́lẹ̀, nítorí wọ́n ti gé gbòǹgbò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dá dúró. "Àwo ajere" ì bá wù mí. Mo dán an wò lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ó wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹran lẹ fẹ́ yan ni?"

Mo túúbá. "Ìkòkò òdòdó" ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ike, ìbáà jẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ìkòkò ti gbé orù mì, ó ti gbé ìṣà àti ìṣaasùn mì, agbada nìkan ló ṣì ń jà, òun náà sì ń jìyà lọ́wọ́ àwọn tí kì í fàmì sọ́rọ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ bíi pé inú aṣọ ńlá la ti ń dín àkàrà. "Ìkòkò bonsai" ti borí. Kí wọ́n ṣáà mọ ọ́n.

Nípa igi tó ń gbé inú rẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu rẹ́gí láìwá a lọ síbì kan: igi tó mọ níwọ̀n. "Mọ" yẹn kì í ṣe ti amọ̀, n kò sì ní so wọ́n pọ̀ kí àwọn oníwàásù má baà gbà á lọ. Ìbátan ọ̀dán wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù láti fi ṣe bonsai. Ọ̀dán, tí odindi abúlé ń ṣèpàdé lábẹ́ rẹ̀.

Olóòtú tún ní wọ́n ń fi "ọ̀dà" kun àwọn àwo kan kó lè dán. Ọ̀dà kọ́. Ohun tí wọ́n ń rẹ́ mọ́ ọn lára, iná ló ń yọ́ ọ di bíi gíláàsì, kò sì ṣeé họ kúrò. Àwọn tó ń ta abọ́ lọ́jà ti ní orúkọ fún irú àwo dídán bẹ́ẹ̀ kí ó tó di pé rédíò dé: tánganran. Igi tó ń yọ òdòdó tàbí tó ń so èso, wọn a máa gbìn ín sínú àwo tánganran aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró. Páìnì ni kì í bá a lọ. Amọ̀ pupa rúsúrúsú ti Tokoname, tí kò dán rárá, ni wọ́n ń gbin páìnì sí.