Ìmúpìlẹ̀jìn: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Iṣẹ́ Olówó Ńlá

Bí ilẹ̀ abẹ́ ilé bá ń rì, tí ògiri sì lanu, ‘àtúnṣe ìpìlẹ̀’ ni a sábà máa ń pe iṣẹ́ tí a ó ṣe sí i. Orúkọ yìí kù díẹ̀ káàtó: ẹni tí ó gbọ́ ọ lè rò pé àpò sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ti tó.

Ohun tí à ń ṣe gan-an ni pé a ń gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ dé ilẹ̀ líle, a sì ń rọ kọnkéré dí i. Kí ilé má baà wó, ìwọ̀n bíi mítà kan ni à ń gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kọnkéré ibẹ̀ gbọ́dọ̀ le kí a tó gbẹ́ apá tí ó fara kàn án. Jíjìn ihò àti ìdúró yìí ni ó ń sọ owó di púpọ̀. Ní kàtídírà Winchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1906 sí 1911 ni William Walker fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi. Àpò kọnkéré tí a lò lé ní 25,000.

Nítorí náà, a dábàá ‘ìmúpìlẹ̀jìn’: ì + mú + ìpìlẹ̀ + jìn, pẹ̀lú ìpajẹ fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ‘ìpìlẹ̀’. Onílé tí ó bá rí i nínú ìwé àdéhùn yóò mọ̀ pé jíjìn ni òun ń sanwó fún, kì í ṣe rírẹ́ ògiri.