Kí Ló Ń Dun Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá?

Bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá; àrọ́bá ni baba ìtàn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àmọ́ àrọ́bá yìí náà ló ń ba àròkọ àwọn ọmọ wa jẹ́, ó sì ń bí mi nínú. Ní Kugbo, ní Àbújá níbí, nínú ọjà àwọn tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì, ọmọbìnrin káfíńtà kan jókòó sórí fóòmù tí wọn ò tíì fi aṣọ bò, ó ń kọ àròkọ iléèwé rẹ̀ lórí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ó ní kí n bá òun wò ó. Gbólóhùn kìn-ín-ní: òun ni obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ìkejì: òun ni ìyá Fẹlá olórin. Ó wá to ọjọ́ ìbí, iléèwé àti oyè tẹ̀ lé e. Ojú ìwé méjì gbáko, kò dárúkọ owó orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ẹni tó tún ìlú ṣe, ohun tó bàjẹ́ ni kó kọ́kọ́ wá. Kí ló ń dun àwọn èèyàn? Ta ló ń fìyà jẹ wọ́n? Ní Abẹ́òkúta, ìjọba òyìnbó kó àṣẹ lé Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, lọ́wọ́. Wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 gbọ́dọ̀ san án, bẹ́ẹ̀ kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì mọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ti kọ èyí sílẹ̀ kò ní í wá ọ̀rọ̀ tì mọ́.

Lẹ́yìn náà, kó wo bí ẹni náà fúnra rẹ̀ ṣe yí padà. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Ransome-Kuti. Àwọn ìyáàfin tó kàwé ló wà nínú ẹgbẹ́ tí Ìyá dá sílẹ̀ ní 1932. Ìgbà tí àwọn ọlọ́jà wọlé wá kọ́ ìwé kíkà, tí wọ́n sì ń sọ ohun tójú wọn ń rí, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ìyá tó ti kàwé dé Ìlú Ọba bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, Yorùbá ló sì ń sọ ní gbangba, kí ìyá aláta má baà rò pé ẹgbẹ́ náà kì í ṣe tòun. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa! Ẹgbẹ́ náà gba oníṣirò kó yẹ ìwé owó ìjọba wò. Ní 1947 Ìyá kọ̀ láti san owó orí, wọ́n gbé e dé kóòtù. Àwọn obìnrin ya bo ààfin. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 1949, Aláké kúrò lórí oyè.

Ṣé ká wá da àrọ́bá nù ni? Rárá o. Àwọn ìyá àgbà Ẹ̀gbá wà ní Àbújá; ẹ lọ bi wọ́n ohun tí ìyá wọn sọ fún wọn. Ibi tí mi ò ti gbà fún òwe náà ni pé ó pè é ní baba. Àrọ́bá fẹ́ràn ohun ìyanu, ó fẹ́ràn “ẹni àkọ́kọ́”, ó sì máa ń gbàgbé ìyà ojoojúmọ́. Ẹlẹ́rìí ni, ká bi í léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa, ká fi wé àkọsílẹ̀. Àwọn ìwé Ìyá wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ sì ti fi wọ́n kọ ìtàn rẹ̀. Kí olùkọ́ wá ìtàn náà fún àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ mọ́tò lè wá lẹ́yìn, bí àyè bá ṣẹ́ kù.

Ẹ má sì parí rẹ̀ síbi ìṣẹ́gun. Aláké padà sórí oyè ní Oṣù Kejìlá 1950. Ní 1959, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC kò fún Ìyá ní tíkẹ́ẹ̀tì ìbò. Ó dá dúró, ó fìdí rẹmi, wọ́n sì lé e nínú ẹgbẹ́. Ní 1977 àwọn ṣọ́jà jù ú láti ojú fèrèsé nílé Fẹlá. Ó kú ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹrin 1978. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí olùkọ́ fún yín ní máàkì tó bá wù ú.