ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́: Ẹ̀kọ́ lórí pípààrọ̀ bátìrì inú fóònù

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí kì í ṣe lórí kòkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe lórí ìwé owó ẹgbẹ́. Ohun kékeré kan tí ó wà nínú àpò olúkúlùkù wa ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á sókè ní ìpàdé, kí àwọn tí kò mọ̀wé náà lè gbọ́.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ kan ní Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì, ìyá kan tí ó ń ta gaàrí dìde, ó ní òun fẹ́ yá owó láti fi ra fóònù tuntun. Ó ní bí òun bá ṣáájì èyí tí ó wà lọ́wọ́ òun ní òwúrọ̀, kì í tó agogo mẹ́wàá tí yóò fi kú. Àwọn oníbàárà a sì wí pé àwọn ti fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì, òun kò ní lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ẹni méjì ti gbé gaàrí lọ báyìí, owó wọn kò sì wọlé títí di òní. Àwọn ìgbìmọ̀ ti fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó náà nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè pé, “Mọ̀mọ́, ṣé fóònù yín ni ó bàjẹ́ ni, àbí bátìrì rẹ̀ ni ó gbó?” Ìbéèrè yẹn ni ó bí ẹ̀kọ́ yìí.

ẸJẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ Ọ́

Ká ní fóònù tuntun jẹ́ ₦150,000. Ká ní ẹgbẹ́ ń gba èlé náírà 1 lórí 100 lóṣù, tí a ó sì san owó náà tán ní oṣù 12. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦18,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦168,000. Ká ní bátìrì tuntun àti owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦15,000. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì jẹ́ ₦153,000. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí o. Kí olúkúlùkù lọ wádìí iye tí ọjà ń lọ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò yí padà: ẹ̀yáwó tí a fi ra ohun tí a kò tíì nílò, gbèsè ni, èyí tí a fi ra ọjà, ọrọ̀ ni.

KÍ NI BÁTÌRÌ YÌÍ?

Bátìrì tí ó wà nínú fóònù ìgbàlódé ni àwọn onímọ̀ ń pè ní lithium-ion. Ilé iṣẹ́ Sony ti Japan ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní ọdún 1991. Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Agbára rẹ̀ pọ̀, kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ máa ń gbiná, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré.

Nígbà tí fóònù GSM dé orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 2001, èékánná lásán ni a fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, tí a sì ń yọ bátìrì. Láti ìgbà tí iPhone ti jáde ní ọdún 2007 ni àwọn tí ń ṣe fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ inú, díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di àṣà. Fóònù di pẹlẹbẹ, kò sì rọrùn fún omi láti wọ inú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín kò lè ṣí i bí ti àtijọ́. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí bátìrì bá ti kú, fóònù ti kú nìyẹn.

Kò sí bátìrì tí kì í gbó. Bí a bá ti ṣáájì èyí tí ó wọ́pọ̀ tó ìgbà 500, láti òfo dé kíkún, agbára rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 80 nínú 100. Ẹni tí ó ń ṣáájì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ yóò dé ibẹ̀ láàárín ọdún kan ààbọ̀. Ooru a sì máa mú un gbó kíákíá: oòrùn, iwájú ọkọ̀, abẹ́ ìrọ̀rí.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

Kí a tó dá bátìrì lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ dán ṣájà mìíràn àti okùn mìíràn wò. Ẹ pa fóònù, kí ẹ sì fi igi ìtayín gbígbẹ yọ ìdọ̀tí inú ojú ihò ṣájà pẹ̀lẹ́. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ ni àrùn náà wà.

Bí ó bá jẹ́ bátìrì ni, fóònù yóò kú lójijì nígbà tí ó ṣì ń fi 30 tàbí 40 hàn, tàbí kí ó kú bí ẹ bá ti ń pe ènìyàn. Bí ẹ bá sì rí i pé ojú tàbí ẹ̀yìn fóònù ń gbéra sókè, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́ rárá, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ pa á, kí ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́. Ti bátìrì wíwú kì í ṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

BÍ A ṢE Ń PÀÁRỌ̀ RẸ̀

1. Ẹ ra bátìrì tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti fóònù yín mu gẹ́lẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ 5,000, tí ẹnì kan sì fi èyí tí kò tóbi jù ú lọ hàn yín pé 10,000 ni, irọ́ ni ó ń pa. Ẹ má ra èyí tí wọ́n yọ láti inú fóònù àlòkù.

2. Ẹ fi nọ́ńbà àwọn ènìyàn àti àwòrán yín pamọ́ sí ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí agbára bátìrì lọ sílẹ̀ sí abẹ́ 25, nítorí bátìrì tí ó kún a máa jó ju èyí tí ó ṣófo lọ. Ẹ pa fóònù, kí ẹ yọ síìmù.

3. Ẹ ṣiṣẹ́ lórí tábìlì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Ẹ gbé ìkòkò tí iyanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

4. Ẹ fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí etí fóònù títí yóò fi gbóná lọ́wọ́, kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀. Ẹ má gbé e sórí ààrò tàbí sábẹ́ áyọ̀ọ̀nù. Ẹ ki káàdì ike tẹ́ẹ́rẹ́ bọ etí rẹ̀, kí ẹ rọra tọ̀ ọ́ yíká. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá ṣí, ẹ má fà á lójijì, nítorí okùn pẹlẹbẹ lè so ó mọ́ inú.

5. Ẹ ya àwòrán fóònù sórí páálí, kí ẹ sì gún ìdè kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tú sí ààyè rẹ̀ lórí àwòrán náà. Gígùn wọn kò dọ́gba. Ìdè gígùn tí a dé sí ihò kúkúrú lè ba ọpọlọ fóònù jẹ́ pátápátá.

6. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, ẹ kọ́kọ́ já orí okùn bátìrì. Ike ni kí ẹ fi já a, kì í ṣe irin.

7. Bí bátìrì bá ní ìrù tí a ń fà, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ kán sípíríìtì tí ó mọ́ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó fi káàdì ike gbé e. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí sukudiráfà wà á, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ kọ. Èmi tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ yìí ti fi ọ̀bẹ wà á rí. Ọ̀bẹ náà gún un, èéfín sọ, iná sì tẹ̀ lé e. Ọlọ́run ni ó yọ mí. Àpá rẹ̀ ṣì wà lára tábìlì ìyàwó mi.

8. Ẹ so bátìrì tuntun, kí ẹ tan fóònù, kí ẹ sì ṣáájì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá dára, ẹ pa á, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tuntun lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dé gbogbo ìdè padà. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ má jẹ́ kí òjò pa fóònù náà mọ́. Ìdènà omi tí ó ní tẹ́lẹ̀ ti já.

9. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣáájì rẹ̀ dé kíkún, ẹ wà nítòsí. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ bá sùn.

BÍ ÈÉFÍN BÁ SỌ

Ẹ má mí èéfín náà símú, nítorí májèlé ni. Ẹ da iyanrìn bò ó, kí gbogbo ènìyàn jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé iṣẹ́ àwọn ọmọ ìgboro nìkan ni ó ń bàjẹ́. Ní ọdún 2007, Nokia kìlọ̀ nípa bátìrì BL-5C mílíọ̀nù 46, nítorí pé wọ́n lè gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọdún 2016, Samsung gba fóònù Galaxy Note 7 padà lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á, wọ́n sì dá ṣíṣe rẹ̀ dúró, nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń jó. Bí ó bá ń ṣe àwọn àgbà oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí àwa náà ṣọ́ra.

Bátìrì tí a yọ, ẹ má sọ ọ́ sí ààtàn, ẹ má sun ún, ẹ má fi í fún ọmọdé. Ẹ fi téèpù bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú agolo oníyanrìn títí ẹ ó fi rí ẹni tí ń kó ìdọ̀tí ẹ̀rọ iná jọ.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Kì í ṣe gbogbo wa ni ọwọ́ wa tutù tó fún iṣẹ́ yìí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí ó gbé e fún oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ lè ra àpótí irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ó sì rán ọ̀dọ́ kan lọ kọ́ṣẹ́. Ẹgbẹ́ sì lè bá oníṣẹ́ kan ṣe àdéhùn pé kí ó ṣe iṣẹ́ lójú ẹni tí ó ni fóònù, kí ó fi bátìrì àtijọ́ hàn án, kí ó sì gbà láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Bí ogún ènìyàn bá jọ lọ, owó iṣẹ́ yóò wálẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ti rí ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 2023 wọ́n ṣe òfin pé láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, ó gbọ́dọ̀ rọrùn fún ẹni tí ó ra ẹ̀rọ láti yọ bátìrì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wa ni kò rọrùn láti ṣí. Àwa fúnra wa ni a ó tọ́jú wọn.

Ní ti ìyá oní-gaàrí, wọ́n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, fóònù rẹ̀ sì ń bá a dé alẹ́. Ẹ̀yáwó tí ó gbà lẹ́yìn náà kò tó ìdajì èyí tí ó béèrè ní àkọ́kọ́. Gaàrí ni ó sì fi gbogbo rẹ̀ rà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ní láti jẹ́ kí bátìrì lọ sílẹ̀ kí a tó ṣí fóònù?
2. Kí ni kí a ṣe bí a bá rí i pé bátìrì ti wú?
3. Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ni ó fẹ́ yá owó ra fóònù ní ọdún yìí? Mélòó nínú wọn ni ó ti yẹ bátìrì rẹ̀ wò?
4. Ta ni ẹgbẹ́ wa lè rán lọ kọ́ iṣẹ́ yìí?