Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí aṣọ òfì tí yóò máa kọrin

Bẹyẹrúnkà,
Ìbàdàn.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ gbé aṣọ òfì kọ́ sínú gbọ̀ngàn Mápó, kí o hun òwú tó ń gbé iná mọ́ ọn, kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án máa gbọ́ orin ìbílẹ̀ àwọn ará Íńdíà. Inú mi dùn sí i. Ohun tó kọ mí lóminú ni pé o kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó so aṣọ wa pọ̀ mọ́ orin báyìí rí.

Ẹ̀kú egúngún ńkọ́? Mi ò ní sọ ju ohun tí gbogbo ojú ń rí ní títì Ọjà'ba lọ. Onílù á sọ̀rọ̀, egúngún á fi aṣọ dá a lóhùn: á yí bírí, ìgbálá tí àwọn ọmọ ilé ń fi kún ẹ̀kú lọ́dọọdún á tú ká, atẹ́gùn rẹ̀ á fẹ́ lu àwọn òǹwòran lójú. Àwọn náà á hó yèè, onílù á gbọ́ wọn, á sì yí ìlù padà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè dá eré náà ṣe. Tìrẹ, bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀, bíi bẹ́ẹ̀lì ẹnu ilẹ̀kùn ni: wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó dún, ó parí. Jẹ́ kí aṣọ náà máa rántí ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, kí ohun tí ẹnì kejì máa gbọ́ yàtọ̀ nítorí tẹni àkọ́kọ́.

Ní ti orin Íńdíà, ọmọ ìpínlẹ̀ wa ti ṣáájú rẹ débẹ̀. Síkírù Adépọ̀jù, ọmọ Èrúwà, mú gángan rẹ̀ jókòó ti Zakir Hussain, àgbà onílù tabla ará Íńdíà, nínú ẹgbẹ́ onílù Planet Drum tí Mickey Hart, onílù ará Amẹ́ríkà, kó jọ ní 1991. Bàbátúndé Ọlátúnjí wà níbẹ̀, Vikku Vinayakram náà sì ń lu ghatam, ìkòkò amọ̀. Àwo wọn ló gba Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún orin àgbáyé, ní 1992. Ní 2007, Síkírù àti Zakir tún pàdé nínú Global Drum Project. Wá àwọn àwo náà gbọ́, kí o fetí sí bí wọ́n ṣe ń dúró de ara wọn.

Wo ojú tabla dáadáa, wàá rí nǹkan dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, bí a ṣe ń lẹ ìda mọ́ ojú ìyáàlù bàtá. Àmọ́ má kọ ọ́ sára ògiri pé tabla ń sọ̀rọ̀ bíi gángan. Onítabla máa ń fi ẹnu pe orúkọ ìró kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ tó lù ú. Ní ti gángan, ohùn èdè wa gan-an ló ń tẹ̀ lé. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì, iyì wọn sì wà nínú ìyàtọ̀ náà.

Raga, ìyẹn ètò ohùn tí wọ́n ń kọ orin Íńdíà lé, náà ní àsìkò: òwúrọ̀ ni ti Bhairav, ìrọ̀lẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òru ni ti Yaman. Kí kọ̀ǹpútà tí yóò máa darí orin aṣọ rẹ mọ aago o. Èmi ì bá fún sányán, tí wọ́n ń fi ṣẹ́dà kòkòrò inú igbó hun láyé àtijọ́, ní orin òwúrọ̀, kí n fún ẹtù aláró ní ti ìrọ̀lẹ́.

Bí o bá dé ọjà Ọjẹ, wọ́n á fi òwú tó ń dán hàn ọ́. Má rà á fún iṣẹ́ yìí: ike ló bo irin inú rẹ̀, kò ní gbé iná fún ọ. Òwú irin gidi ni kí o wá. Òfì tóóró ni wọ́n ń hun kí wọ́n tó rán an pọ̀, èyí yóò sì ràn ọ́ lọ́wọ́: fún tóóró kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, kí òwú lásán wà ní etí rẹ̀ kí iná wọn má pàdé.

Mo ti bá ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ó ní kí o mú òwú irin náà wá kí òun wò ó lórí òfì òun. Jókòó tì í, kí o gba ìró òfì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí ìyẹn náà wà nínú orin. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́, orúkọ rẹ̀ sì gbọdọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ ní Mápó. Kọ̀wé sí mi nípa ọjọ́ tí o máa lọ, kí n lè sọ fún un.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.