Gbèsè Báńkì Kan àti Owó Inú Báńkì Mìíràn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí àwọn bá jẹ báńkì kan ní gbèsè, tí wọ́n sì ń gba owó oṣù wọn ní òmíràn, ọwọ́ olówó kò lè tó o. Èrò àtijọ́ ni èyí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ògọ́sítì, ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi ìlànà kan lélẹ̀ tí à ń pè ní GSI. Bí ayáwó bá kùnà, báńkì tí ó jẹ ní gbèsè lè gba owó náà nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn láìlọ sí ilé-ẹjọ́, nítorí pé nọ́ńbà BVN kan ṣoṣo ni ó so gbogbo wọn pọ̀.

Ayáwó fúnra rẹ̀ ni ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ yìí nígbà tí ó ń yá owó. Àwọn tí ó kà á kò pọ̀. Ojú owó àti èlé nìkan ni ìlànà náà fi ààyè gbà. Owó ìtanràn kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí a bá mú owó rẹ̀ ní láti gba ìwé ìṣirò, kí ó fi wé gbèsè rẹ̀. Bí ó bá lé, kí ó kọ̀wé sí báńkì náà, lẹ́yìn èyí sí Báńkì Àpapọ̀. Ẹni tí ó sì mọ̀ pé owó oṣù tí ń bọ̀ kò ní í tó, kí ó tọ báńkì lọ ṣáájú ọjọ́ ìsanwó, kí ó bẹ̀ wọ́n láti fa àkókò náà gùn.