Bí Ògiri Kò Bá Lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní í ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí ni mo gbé síwájú ẹ̀yin ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Mowé, Ìbafọ̀ àti Ìfọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti náwó sórí fáànù ńlá tó ń fa eruku igi, tí ẹ wá ń ráhùn pé kò fa nǹkan kan. Ẹ má tíì dá fáànù lẹ́bi. Ẹ wo paipu rẹ̀, kí ẹ wo ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ògiri ti lanu.

Ilé ń hù lójoojúmọ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti àga kò sì wọ́n. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ ni eruku ń pọ̀. Ẹni tó bá ti la ìrókò rí mọ bí eruku rẹ̀ ṣe ń ta nímú tó sì ń mú ara yún. Èyí tó burú jù kì í yára fara hàn. Ní High Wycombe, ìlú àwọn tó ń ṣe àga ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kan tó ń tọ́jú imú, Esme Hadfield, kíyè sí i pé jẹjẹrẹ inú imú ń mú àwọn oníṣẹ́ igi ju bó ṣe yẹ lọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí wọn jáde ní 1968. Nígbà tó di 1995, IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn náà. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Afẹ́fẹ́ inú paipu gbọ́dọ̀ máa sáré tó mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó lè gbé eruku igi délé. Bí paipu bá fẹ̀ ju agbára fáànù lọ, afẹ́fẹ́ á rọ̀, lẹ́búlẹ́bú á sì jókòó sísàlẹ̀ títí paipu yóò fi dí. Bí ó bá há jù, afẹ́fẹ́ ò ní í tó. Ihò paipu ínṣì 6 ju ìlọ́po méjì ti ínṣì 4 lọ. Ẹni tó bá fi ínṣì 4 gba ẹnu fáànù oní-ínṣì 6 ti fún un lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ gan-an ló wà lọ́kàn mi. Ẹni tó lè rọ gọ́tà òjò tí kò jò lè rọ paipu eruku, irú wọn ò sì ṣọ̀wọ́n lágbègbè wa. Àmọ́ ẹ sọ fún un pé kí ẹnu paipu tó fún pọ̀ kọjú sí fáànù, kí ó wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá kọ ẹ̀yìn sí i, etí páànù á máa gbá èérún igi mú. Kí igun rọra yí, kí ó má ṣe ṣẹ́ kọrọ́. Kí ẹ̀ka dagun wọ paipu ńlá, kí ó má ṣe dábùú rẹ̀. Síkúrúù gígùn tó yọ ẹnu sínú paipu á kó èérún igi jọ. Rífẹ́ẹ̀tì ló dára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tó bá fi òòlù lu ẹnu paipu wọnú èkejì tipátipá ti ya ọ̀nà fún afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílíkòónì tàbí téèpù aláyọ́mínì dí gbogbo ojú ìsopọ̀. Sẹ́lótéèpù lásán á gbẹ, á ṣí. Ẹ tan fáànù, ẹ ṣáná sí tùràrí, kí ẹ sì gbé e yí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ká. Níbi tí èéfín bá ti sáré wọlé, ibẹ̀ ló ń jò.

Ẹ fi ilẹ̀kùn páànù kékeré sí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tì í bí ẹ kò bá lo ẹ̀rọ náà. Àmọ́ ẹ má ṣe ti gbogbo wọn pa nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́, torí paipu páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè sún kì. Rọ́bà tó ń ká, kí ó kúrú bó bá ti lè kúrú tó. Ẹ fi wáyà so paipu irin mọ́lẹ̀, nítorí eruku tó ń họ ara paipu máa ń kó iná mànàmáná jọ, lẹ́búlẹ́bú igi tó gba afẹ́fẹ́ kan sì lè gbiná lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọmọṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́ ń fa eruku púpọ̀ sínú, bẹ́ẹ̀ wọn kì í lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ẹni tó ń rọ páànù wá sí ìpàdé yín, kí ó rọ igun kan lójú gbogbo yín, kí àwọn ọmọṣẹ́ sì fọwọ́ ara wọn dí ojú ìsopọ̀ rẹ̀.