Gọ́tà Iwájú Ilé Wa, Ìlera Àdúgbò Wa

Yorùbá ní òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Àgbàrá náà kò mọ̀ ọ́n, àwa ará Ìbàdàn sì ti rí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé àti ọjà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya ìlú: ènìyàn tí ó lé ní 100 kú, afárá sì wó.

Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà àgbàrá ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ náà kan afárá, ojú odò àti ìsédò Ẹlẹ́yẹlé. Ṣùgbọ́n kò sí afárá tí ojú rẹ̀ kò ní dí bí ọ̀rá àti pàǹtírí bá ń ti òkè wá. Ohun tí a jù sí gọ́tà wa lónìí, ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò lọ dí.

Bí omi kò bá rí ọ̀nà lọ, yóò wọ ṣáláńgá, yóò kó ìgbẹ́ inú rẹ̀ dà sínú kànga. Ibẹ̀ ni kọ́lẹ́rà, tí àwọn àgbà ń pè ní onígbáméjì, ti ń wọlé. Ó lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Nítorí náà:

1. Kí ilé kọ̀ọ̀kan máa kó gọ́tà iwájú rẹ̀. Kí a má ṣe fi ẹrẹ̀ náà sílẹ̀ létí gọ́tà, torí òjò tí ó bá tẹ̀lé e yóò gbá a padà.

2. Kí ẹgbẹ́ onílé yan ẹni tí yóò máa sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí gọ́tà ti wó àti ibi tí kò sí ààyè ìdalẹ̀sí. Kí ayálégbé náà wà ní ìpàdé.

3. Bí àgbàrá bá wọ kànga, kí a má ṣe mu omi rẹ̀ láìsè é.

4. Ẹni tí ó bá ń yàgbẹ́ olómi, kí a tètè máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ara ìgbàgbọ́. Ọ̀nà ni gọ́tà náà jẹ́ fún omi. Kí Ọlọ́hun fi ìlera jíǹkí wa. Àmín.